Ọjọ́ tí Àdùkẹ́ Pe Orúkọ Ọdẹ́wálé

Ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Dahomey ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́, òmìnira wa kò sì tíì pé ọdún kan. Ọyẹ́ ti wọlé. Àwọn igi tíìkì ti ń wọ́wé, omi inú àwọn ọ̀gọ́dọ̀ ẹ̀yìn oko sì ti ń fà sísàlẹ̀. Ẹni tí kò gbé orí òkè Kétu rí lè ka gbólóhùn yẹn kọjá láìbìkítà. Ilẹ̀ wa gba iṣu, ó gba àgbàdo, ó gba òwú, ṣùgbọ́n omi jìnnà sí i nísàlẹ̀. Àwọn baba wa gbẹ́ kànga títí ọwọ́ wọn fi bó, wọn kò kan omi. Omi òjò ni a ń dá sínú àmù. Bí òjò bá ti lọ, ẹsẹ̀ obìnrin ló kù tí ilé gbójú lé.

Àwọn ọ̀dọ́ Odomèta, ìlú wa, ló ní kí n kọ ìrírí yìí. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ olóògbé Lọ́rán Ọdẹ́wálé, depité wa, ìyẹn ẹni tó ṣojú wa ní ilé aṣòfin nígbà òmìnira, sọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n wá bá mi, iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ìyàwó mi ṣì tutù. Wọ́n kí mi kú àráfẹ́rakù, wọ́n jókòó bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni èyí tó jẹ́ olórí wọn ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan ló kù tó mọ depité dáadáa."

"Èmi kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n jù," ni mo dá a lóhùn. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló sọ èyí. Owú ló sọ ọ́. Àwọn obìnrin ni a máa ń di owú rù, bí ẹni pé ọkùnrin kì í jẹ ẹ́. Ọkùnrin ń jẹ ẹ́. Mo ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà èwe mi, mo sì ń jẹ ẹ́ títí di ìsinsìnyí tí àwọn méjèèjì ti wà nínú ilẹ̀.

Síbẹ̀, a kì í bínú orí kí a fi fìlà dé ìbàdí. Kí n kọ́kọ́ fún Ọdẹ́wálé ní ohun tó tọ́ sí i.

Inú agbo ilé kan náà ni a ti bí èmi àti òun, baba rẹ̀ àti baba mi sì jẹ́ ọmọ baba kan. Nígbà tí wọ́n bí i, àwọn Faransé kò tíì pẹ́ lórí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n fi máa bí èmi, ó ti ń wọ ṣòkòtò gígùn. Àwọn fadá mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò tí àwọn òbí mìíràn ń fi ọmọ tiwọn pamọ́ sóko. Ó jáde, ó di kọmí, ìyẹn akọ̀wé, ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, olú ìlú wa. Ibẹ̀ ló ti mọ òfin, ibẹ̀ náà ló ti mọ̀ pé òyìnbó kì í gbọ́ ẹkún, àwíjàre ló ń gbọ́.

Nígbà iṣẹ́ àfipáṣe, tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin wa lọ la ọ̀nà, ó gba ààyè wá sílé, ó sì lọ bá kòmándà, aláṣẹ Faransé tó wà lórí wa. Ó ní, "Ọ̀gá, àwọn tí ẹ kó lọ yìí, ta ni yóò bá wọn kọ ebè?"

Kòmándà ní, "Ta ló kọ́ ọ láti máa bá mi sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́."

Wọ́n tì í mọ́lé nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ebè tó, wọ́n dá àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn yìí lórí òkè Kétu. Èmi gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bí ọdún sì ti ń gorí ọdún ni kòmándà ń ga sí i nínú ìtàn náà.

Nígbà tí wọ́n gbà kí àwa náà máa dìbò, òun ni a yàn sí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Dahomey, láti ibẹ̀ ló sì ti di depité. Kò lówó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ agbẹjọ́rò. Ohun kan ṣoṣo ló ń bá kiri: omi. Wọ́n ní bó bá ti dìde ní ilé aṣòfin, àwọn ará etíkun á ti máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Kétu tún fẹ́ mu omi." Òun náà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òkun wẹsẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ wá." Ó fà á mọ́ wọn lọ́wọ́ títí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀ wá, tí omi fi ti inú àpáta jáde ní Kétu. Ó jẹ́ kí Kétu ṣáájú ìlú baba tirẹ̀, èyí ni mo sì gbọ́dọ̀ yìn. Ìlérí tó kù ni pé Odomèta ló kàn, Adakplamè, ìlú tó wà nítòsí wa, ló tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí òmìnira fi dé, tí wọ́n sì ní kí a tún ìbò dì. Ẹgbẹ́ tó ń bá wa dù ú kò fi bò. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé bí àwọn bá wọlé, ẹ̀rọ náà ń kọjá sí ìlú tiwọn. Ohun tí a ń jà fún nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àsíá àti orin orílẹ̀-èdè ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olùkọ́ ní agbègbè wa nígbà náà, mo sì ti Ọdẹ́wálé lẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára tí mo ní. Owú kò dí mi lọ́wọ́. Èèyàn lè jowú ẹni kí ó sì dìbò fún un.

Ọmọ Pobè ni Àdùkẹ́, ìyàwó mi. Agbẹ̀bí ni, ìjọba ló gbé e wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Odomèta, níbẹ̀ ni mo ti rí i. Kò ga, kì í pariwo, ó sì ka ìwé Faransé dáadáa.

Àwọn obìnrin òde òní ń pe ọkọ wọn lórúkọ bí ẹni ń pe ọmọ ìyá wọn, nítorí náà mo ní láti ṣàlàyé ohun kan. Láyé ìgbà náà, obìnrin tó bá wọlé ọkọ kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá níbẹ̀. Ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí a sọ lórúkọ lánàá, bó bá ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé, ọkọ rẹ̀ ni. Obìnrin náà ni yóò wá orúkọ mìíràn fún un, èyí tó bá ìwà tàbí ìrísí rẹ̀ mu. Ẹni tó bá pe ọkọ lórúkọ, yálà ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé tàbí ọkọ ti agbo ilé, ti tàbùkù gbogbo ilé, ìtanràn sì wà fún un.

Àdùkẹ́ ní ẹ̀bùn ìsọlórúkọ. Àbúrò mi tí eyín rẹ̀ funfun ni ó ń pè ní Eyínfúnjowó. Àbúrò baba mi tí kì í yéé sùn lórí àga ni Baba-ń-ronú. Ọdẹ́wálé ní tirẹ̀ ga, aṣọ sì yẹ ẹ́. Ọjọ́ tí Àdùkẹ́ kọ́kọ́ rí i pẹ̀lú agbádá funfun lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Agùntáṣọọ́lò, ẹ káàbọ̀." Orúkọ náà bá a mu bí aṣọ tí a gba ìwọ̀n rẹ̀ rán. Láìpẹ́, gbogbo ìyàwó agbo ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀; nígbà tí ìbò fi máa dé, láti Odomèta dé Adakplamè, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò pè é ní nǹkan mìíràn.

Èmi? Mẹ́tìrì ni ó ń pè mí. Mẹ́tìrì ni a ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Òun ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè mí, òun ni aṣọ́bodè ń pè mí, òun ni àjèjì tó ń béèrè ọ̀nà ń pè mí.

"Ọdẹ́wálé mà rí orúkọ gbà," ni mo sọ fún un ní ọjọ́ kan tó ń to igi sábẹ́ ìkòkò.

"Ọkọ mi ni. Àbí kì í ṣe ọmọ ilé yín ni?"

"Èmi náà ọmọ ilé yìí ni. Mo sì ga."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ ga díẹ̀."

"Aṣọ kò yẹ mí?"

"Ẹ̀wù òyìnbó ni ẹ máa ń wọ̀, Mẹ́tìrì. Ta ló ń kì ẹ̀wù òyìnbó?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀rín yẹn bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọdẹ́wálé kò ràn mí lọ́wọ́. Bó bá ti Àjàṣẹ́ dé, kí ó tó jókòó, á ti ké sí i láti ìta pé, "Ìyàwó mi, ṣé Mẹ́tìrì yìí ń bọ́ ọ? Bí kò bá bọ́ ọ, ilé tèmi kò jìnnà."

"Agùntáṣọọ́lò, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nílé yín kọ́kọ́ yó ná."

Gbogbo agbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ọkọ ilé àti ìyàwó ilé kò ní ẹ̀gún nínú, bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí. Ṣùgbọ́n àṣà kọ́ ló ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní mi tí ń ronú.

Nígbà ìpolongo, Ọdẹ́wálé ní òun fẹ́ kí Àdùkẹ́ bá òun lọ sí Adakplamè, nítorí pé ó ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀. Mo ní kò burú. Mo rò pé a óò jọ lọ ni. Nígbà tí ọkọ̀ Pijó rẹ̀ dé, àwọn obìnrin ti kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdẹ́wálé yọ orí láti ojú fèrèsé.

"Mẹ́tìrì, ààyè ti tán. Kẹ̀kẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dára. Àwa á ti máa ṣáájú."

Mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn, mo jẹ eruku pupa. Nígbà tí mo fi dé Adakplamè, ìyàwó mi ti dúró níwájú èrò lábẹ́ igi máńgòrò, depité sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí àga. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin tí mo gbẹ̀bí fún, ẹ rántí omi tí a fi wẹ ọmọ yín. Ibo lẹ ti pọn ọ́n? Ta ló gbé oyún nínú tó sì tún gbé omi lórí?" Àwọn kan na ọwọ́ sókè. "Ta ni oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ lójú ọ̀nà omi?" Àwọn ọwọ́ tó wà lókè kò wálẹ̀. Ó ní, "Agùntáṣọọ́lò ní omi máa wá bá yín nílé. Ẹ lọ bi Kétu bóyá irọ́ ló ń pa."

Ọdẹ́wálé dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Mi ò rántí ohun tó sọ, kò sì sí ẹni tí mo bi tó rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sọ ọ́, Àdùkẹ́ gbójú sókè sí i, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó ń wo òjò tó ń ṣú bọ̀. Kò wo èmi bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ló tó rí mi lẹ́yìn èrò. Ó wá, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi.

"Ẹ̀yin ni, àbí ebè ni?" ni ó wí.

Ọjọ́ ìbò, inú kíláàsì mi gan-an ni wọ́n gbé àpótí sí. Bébà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ nígbà náà. Olùdìbò á mú wọn lórí tábìlì, á wọ ẹ̀yìn aṣọ tí a ta, á fi èyí tó wù ú sínú àpòòwé, á sì jáde wá sọ ọ́ sínú àpótí. Kò sí ẹni tó ní láti la ẹnu.

Ọ̀gá ìbò tí wọ́n rán sí wa jẹ́ ará etíkun, kò gbọ́ èdè wa. Ẹni tó ń túmọ̀ fún un ni Akánní, ọmọ Odomèta tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kejì, tí èmi àti òun jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan nígbà tí a wà ní kékeré. Ní òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin dìbò láìsí wàhálà. Nígbà tó yá, àwọn ìyàwó agbo ilé wa tò dé. Agbo ilé wa ló tóbi jù ní ìlú, ibi tí àwọn obìnrin náà bá sì tẹ̀ sí ni ìbò Odomèta ń lọ. Bí Akánní ti rí wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ létí. Ọ̀gá kó gbogbo bébà kúrò lórí tábìlì, ó kó wọn sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé ń da àwọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí kò bá mọ̀wé yóò sọ orúkọ ẹni tó fẹ́, òun yóò sì fún un ní bébà rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àjèjì kò lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé ló mọ ibi tí òrùlé ti ń jò.

"Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀," ni mo wí ní èdè Faransé.

"Mẹ́tìrì, bí àwọn ọmọ bá wà nínú yàrá yìí, ìwọ ni ọ̀gá. Lónìí, èmi ni."

Akánní ń wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyáálé wa, àgbà jù nínú àwọn ìyàwó, ló kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì. Ó ti wọlé ọkọ kí a tó bí Ọdẹ́wálé, nítorí náà èèwọ̀ náà kò kàn án. "Ọdẹ́wálé ni," ni ó wí. "Ẹ̀yìn mi yìí ló tọ̀ sí. Ṣé kí n pe orúkọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú?" Wọ́n fún un ní bébà.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ní, "Agùntáṣọọ́lò."

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó ń du ipò," ni Akánní wí.

"Akánní, o mọ ẹni tí mo ń wí."

"Èmi? Ohun tí ọ̀gá ní kí n bi yín ni mò ń bi yín."

Obìnrin náà lọ fara ti ògiri pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Èyí tó tẹ̀ lé e ní, "Ọkọ wa tó ga." Akánní ní àwọn ọkọ wọn tó ga pọ̀. Òun náà lọ sídìí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri ń kún. Níta, àwọn ọkọ wọn ti ń bá ara wọn jà. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n pe orúkọ náà kí a bọ́ níbẹ̀. Baba-ń-ronú, tó ti jí lọ́jọ́ náà, ní, "Kí ìyàwó wa máa pe ọkọ lórúkọ lójú ọjà nítorí ìbò? Ìbò á lọ, ilé á kù." Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Èèwọ̀ náà kì í ṣe tèmi tí n ó fi yọ̀ǹda rẹ̀. Ti gbogbo ilé ni.

Ó kan Àdùkẹ́. Ọ̀gá ìbò mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí ìjọba. Ó kó gbogbo bébà jáde, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun mọ̀ pé ó mọ̀wé. Kò sí ohun tó ń bẹ nílẹ̀ fún un ju kí ó mú bébà, kí ó dìbò, kí ó sì máa lọ. Ó wo àwọn tó wà lára ògiri. Ó ti àwọn bébà náà padà.

"Lónìí, mi ò mọ̀wé," ni ó wí ní èdè Faransé.

Ó kọjú sí ibi tí agbo ilé wa wà, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì kíláàsì mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé ọkọ mi, ẹ̀yin tó wà lókè ilẹ̀ àti ẹ̀yin tó wà nísàlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àfojúdi." Ó dìde. Ó ní, "Lọ́rán Ọdẹ́wálé."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, lẹ́nu fadá, lẹ́nu èrò ọjà. Mi ò gbọ́ ọ kí ó dùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fún olúkúlùkù ohùn inú rẹ̀ ní ààyè tirẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ tí ó sì ń dúró de ọjọ́ tí yóò sọ ọ́. Ìlú ń bọ́ lọ́wọ́ wa, ìbò wa ń lọ, èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì dúró níbẹ̀ tí mò ń ro bí orúkọ tèmi ì bá ti rí lẹ́nu yẹn.

Ó yíjú sí àwọn obìnrin. "Ẹ̀ṣẹ̀ náà ti di tèmi. Ẹ máa bọ̀."

"Ìyàwó Mẹ́tìrì, ṣé o mọ ohun tí o ṣe yìí?" ni Akánní wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n. Túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ."

Wọ́n kúrò lára ògiri lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bo ojú kí wọ́n tó pè é. Ọ̀kan pè é tán, ó sì bú sẹ́kún. Ìyáálé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. "Ní tèmi o, mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni ó ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá.

A wọlé. Àpótí Odomèta ló gbé Ọdẹ́wálé wọlé, àwọn tó bá wa dù ú pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ilé pe Àdùkẹ́. Kò sí ẹni tó bínú sí i. Wọ́n yìn ín, wọ́n dúpẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n dá ìtanràn rẹ̀ fún un bí àṣà ti là á kalẹ̀: kí ó pọn omi kún gbogbo àmù tó wà nínú agbo ilé, láti ọ̀gọ́dọ̀. Nínú ọyẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n.

Baba-ń-ronú ní, "Ọmọ mi, bí a bá fi jì í lónìí, lọ́la wọ́n á máa pè wá lórúkọ nítorí ata."

"Ẹ jẹ́ kí èmi pọn ọ́n."

"Omi tí ọkùnrin pọn kì í ṣe ìtanràn. Ẹ̀sín ni."

Àdùkẹ́ ní, "Mo gbà, ẹ̀yin ọkọ mi." Ó gbé agbè. Àwọn obìnrin tó pe orúkọ lẹ́yìn rẹ̀ gbé tiwọn, wọ́n tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó bi wọ́n. Àwọn àmù náà pọ̀. Ọrùn rẹ̀ wú. Èmi ni mò ń fi òrí pa á fún un.

Ní ọjọ́ tí Ọdẹ́wálé wá dúpẹ́, Àdùkẹ́ wà lójú ọ̀nà omi. Wọ́n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó mi pè mí lórúkọ? Mẹ́tìrì, bá mi kí i o." Ó wọ Pijó rẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní ó sọ ìtàn náà ní ilé aṣòfin, pé àwọn ìyàwó òun ló dá òun padà wá, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyàwó òun. Kò sí èèwọ̀ tó ní kí ọkùnrin má pe orúkọ obìnrin, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu rẹ̀, kò pe Àdùkẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀rọ dé Odomèta bó ti ṣèlérí. Omi jáde, ó gbóná díẹ̀, ó ní adùn irin, àwọn obìnrin sì jó. Kí ó tó kan Adakplamè, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n ti ilé aṣòfin pa, wọ́n sì ní kí Ọdẹ́wálé jókòó sílé kí ó má ṣe sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń wọ Pijó rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Àdùkẹ́ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

"Kí lo ń lọ ṣe níbẹ̀?" ni mo bi í.

"Mò ń lọ kí ọkọ mi."

"Ọkọ rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí."

"Èyí ń rí ẹni bá a jẹun," ni ó wí. "Ọ̀hún kò rí."

Kí ó tó kú, Ọdẹ́wálé ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rù, agbádá rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Ó ní, "Mẹ́tìrì, o fẹ́ ìyàwó gidi."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"O ò mọ̀," ni ó wí, ó sì yíjú sí ògiri. Mo ru gbólóhùn yẹn dé ilé, mi ò sì tíì rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kí n kọ èyí, kí ni a jèrè? A jèrè omi Odomèta, tí ẹ ń mu títí di òní. Kí ni a pàdánù? A pàdánù ilé aṣòfin tí èèyàn ti lè dìde kí ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó pẹ́ kí a tó rí irú rẹ̀ mọ́. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó na ọwọ́ sókè ní Adakplamè di arúgbó kí omi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn míì kò sì dúró dè é. Ẹ fi orúkọ Ọdẹ́wálé sọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó tọ́ sí i, mi ò sì ní jẹ́ kí owú mi sọ pé kò tọ́. Mo ní kí ẹ kọ orúkọ Àdùkẹ́ sí òkè ilẹ̀kùn kíláàsì tó ti sọ̀rọ̀. Ẹ ní ẹ ó gbé e yẹ̀ wò. Mo ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó láti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ti ìlú nìyẹn. Tèmi kù.

Nígbà tí àìsàn dá Àdùkẹ́ dùbúlẹ̀, kò sí àgbà kankan mọ́ tó lè bi í. Baba-ń-ronú ti kú, Ìyáálé ti kú, èmi fúnra mi ti di olórí ilé. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ní, "Àdùkẹ́, pe orúkọ mi."

Ó la ojú. "Èwo?"

"Èyí tí baba mi sọ mí. O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́. "Mẹ́tìrì, pẹ̀lú ara mi yìí, ẹ tún fẹ́ kí n lọ pọn omi?"

Ó di ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì pè é títí ó fi lọ. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìlú ló mú kí ó pe ti ọ̀hún. Tèmi ni ó pa mọ́ sẹ́nu di òpin, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rere. Mo ti fi ọgbọ́n gbogbo tí mo kọ́ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ká ní ó pè é ni, èmi ni ǹ bá gbé agbè, kí wọ́n fi mí ṣe ẹ̀sín, èmi ni ǹ bá sì pọn omi náà.